Kọ́kọ́rọ́ Inú Bíbélì

Ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní ọdún 1989, ní ilé wa ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn, àwọn àgbà ẹbí wa jókòó yí tábìlì ká láti fi Bíbélì wá olè. Wọ́n ki kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn bọ àárín ìwé náà ní ibi tí Sáàmù 50 wà, wọ́n fi òwú dúdú dè é pinpin, wọ́n sì jẹ́ kí orí kọ́kọ́rọ́ náà yọ síta kí ènìyàn méjì lè fi ìka ìfábẹ̀lá gbé e ró. Àbúrò bàbá mi ọkùnrin di apá kan mú, ìyàwó rẹ̀ di apá kejì. Bí wọ́n bá ti dárúkọ ẹnì kan nínú ilé, wọn a ka ẹsẹ tí ó sọ̀rọ̀ nípa olè, gbogbo wa a sì tẹjú mọ́ ìwé náà. Wọ́n dárúkọ mi, kò mì. Wọ́n dárúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí ó ń gbé lọ́dọ̀ wa, Bíbélì yí, ó sì já bọ́ sórí tábìlì.

Èmi ni mo jí owó náà.

₦240 ni, owó àjọ. Ìyá mi ń ta aṣọ ní Gbági, òun sì ni àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kó owó àjọ wọn fún pamọ́, nítorí pé wọ́n gbà pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo mú nínú rẹ̀ láti inú àpótí tí ó ń kó aṣọ ìmúròde sí. Mo fi ra bàtà pupa kan àti aago ọwọ́ nítorí ayẹyẹ ìdágbére tí ó ń bọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ wa, mo sì lọ kó wọn pamọ́ sábẹ́ ibùsùn ọ̀rẹ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo jẹ́. N kò wọ bàtà náà lọ sí ibì kankan rí. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀ tí mo padà lọ wò ó, ẹsẹ̀ mi ti tóbi jù ú lọ. Àtàǹpàkò mi ká kò nínú rẹ̀, mo bọ́ ọ, mo sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọmọbìnrin tí wọ́n pè lólè fi ọdún méjì jù mí lọ, Àǹtí ni mo sì máa ń pè é. Ó búra ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní kí Bíbélì kan náà dá òun lẹ́jọ́ bí òun bá mọ ohunkóhun nípa owó náà. Ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, bàbá rẹ̀ ti Ìkirè wá mú un lọ. Ó wà ní kíláàsì kẹrin ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà náà, kò sì tún wọ ilé ẹ̀kọ́ kankan mọ́ láti ọjọ́ náà. Ohun tí kò kúrò lójú mi ni bí ó ṣe di ẹrù rẹ̀: ó ká yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ méjèèjì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ wọn dáadáa kí wọ́n má baà rún, bí ẹni tí yóò wọ̀ wọ́n ní ọjọ́ kejì.

Wọ́n ti kọ́ wa ní ìtàn Ákánì ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lórí: ẹ̀wù Bábílónì kan, igba ṣékélì fàdákà, àti wúrà tí ìwọ̀n rẹ̀ tó àádọ́ta ṣékélì, gbogbo rẹ̀ ni ó rì mọ́lẹ̀ nínú àgọ́ rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì a mú ẹ̀yà Júdà, lẹ́yìn náà a mú ìdílé kan nínú ẹ̀yà náà, a mú agboolé kan nínú ìdílé náà, títí ó fi kan Ákánì fúnra rẹ̀, tí Jóṣúà sì pè é ní ọmọ òun, tí ó ní kí ó fi ògo fún Olúwa, kí ó sì jẹ́wọ́. Mo fẹ̀yìn ti ògiri ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, mo ń retí kí Ọlọ́run mú mi. Ẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n kí n sọ òtítọ́, ibì kan wà nínú ọkàn mi tí ó fẹ́ kí ó mú mi kí ọ̀rọ̀ náà lè tán. Ẹlòmíràn ni a mú.

Ibẹ̀ ni iyèméjì mi ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ tí èdè wa fún un bá a mu gan-an, nítorí pé iyè méjì ni mo ní láti ìgbà náà, ọ̀kan ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, èkejì ń béèrè bóyá ẹnì kan wà lókè tí ó ń gbọ́ orin náà. Bí ó bá wà, tí ó sì rí ohun gbogbo, kí ló dé tí ó fi jẹ́ kí ìwé rẹ̀ fi ọwọ́ òsì tọ́ka sí aláìṣẹ̀? Nígbà tí mo dàgbà ni mo tó gbọ́ pé Ọlọ́run kò rán ẹnikẹ́ni láti fi kọ́kọ́rọ́ wá olè, pé ìka àwọn tí ó dì í mú ni ó ń yí ìwé náà, ọ̀pọ̀ ìgbà láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀, sí ibi tí ọkàn wọn ti fà sí tẹ́lẹ̀. Ọmọ tí ó ti ìgbèríko wá, tí ó ń sùn ní pálọ̀, ta ni ọkàn wọn ì bá tún fà sí? Ìmọ̀ yìí tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò wo iyèméjì mi sàn. Ohun tí ó ń dùn mí kì í ṣe pé kọ́kọ́rọ́ yí. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ayé mi ń dára. Mo wọ yunifásítì, mo rí iṣẹ́, mo ṣe ìgbéyàwó, mo bímọ, gbogbo oore tí mo bá sì rí gbà ni mo ń kà sí ẹ̀rí lòdì sí Ọlọ́run, pé kò bìkítà ẹni tí ó jalè àti ẹni tí kò jalè.

Ní gbogbo àkókò yìí, mo ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní ọjọọjọ́ Ìsinmi. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni mí. Ìwé Àdúrà wa, tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther kó ipa ńlá nínú títúmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, fi ìjẹ́wọ́ gbogbogbòò sí ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn: a ti ṣìnà bí àgùntàn tí ó sọnù, a ti fi ohun tí ó yẹ kí a ṣe sílẹ̀ láìṣe, a sì ti ṣe ohun tí kò yẹ kí a ṣe. N kò ní sọ ọ̀rọ̀ òdì sí àdúrà yẹn láéláé. Ó ti gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró, mo sì fẹ́ kí wọ́n kà á lórí pósí mi. Ṣùgbọ́n inú “àwa” tí ó wà nínú rẹ̀ ni mo sá pamọ́ sí. Nígbà tí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ènìyàn bá jọ wí pé àwọn ti ṣìnà, ta ni yóò mọ ẹni tí ó jí owó àjọ? Mo ń jẹ́wọ́, n kò sì sọ ohunkóhun.

Mo tún ní ibi ìsádi mìíràn. Sáàmù 51 ni, níbi tí Dáfídì ti sọ fún Ọlọ́run pé, “Ìwọ, ìwọ nìkan ṣoṣo ni mo ṣẹ̀ sí.” Ẹsẹ yìí tù mí nínú púpọ̀. Bí ó bá jẹ́ Ọlọ́run nìkan ni mo ṣẹ̀, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ni yóò parí rẹ̀ nínú yàrá mi, kò kan ẹni kẹta. Ó gbà mí ní ọdún púpọ̀ kí n tó rántí pé Ùráyà, ẹni tí Dáfídì gba ìyàwó rẹ̀ tí ó sì mú kí wọ́n pa á, ti kú nígbà tí Dáfídì kọ orin náà. Dáfídì kò rí i mọ́ kí ó lè tọ̀ ọ́ lọ. Àǹtí wà láàyè ní Ìkirè, kò sì tó wákàtí kan láti ilé mi bí ọ̀nà bá dára.

Mo gbọ́dọ̀ yà sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀ níbí, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ka èyí, wọn yóò sì sọ fún ọmọ wọn tí ó ń ṣiyèméjì pé ẹ̀ṣẹ̀ kan ni ó fi pamọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Tómásì kò jalè kí ó tó sọ pé àfi bí òun bá fi ìka kan ojú àpá ìṣó. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ni wọ́n ń wá ẹ̀ṣẹ̀ kiri lára ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, Ọlọ́run sì bínú sí wọn ní ìgbẹ̀yìn. Iyèméjì tèmi nìkan ni mo mọ gbòǹgbò rẹ̀, òun nìkan ni mo sì ń sọ.

Ìyá bàbá mi jẹ́ ọmọ Iléṣà, ó sì ti di ọmọge nígbà ìsọjí tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ṣe ní Òkè-Oyè ní ọdún 1930. Ìwòsàn àti àwọn òògùn tí wọ́n kó jáde tí wọ́n dáná sun ni gbogbo ènìyàn máa ń ròyìn. Ìtàn mìíràn ni ìyá àgbà fẹ́ràn láti máa sọ, ti obìnrin kan ní àdúgbò wọn tí ó ti ibẹ̀ bọ̀, tí kò yà sí ilé rẹ̀ kí ó tó gbé ìkòkò aládùúgbò rẹ̀, tí ó ti ń sẹ́ pé kò sí lọ́dọ̀ òun, padà fún un. Bí ó bá dé ibẹ̀, a ní, “Ẹsẹ̀ ló fi jẹ́wọ́.” Mo ti gbọ́ ìtàn náà láti kékeré, mo sì máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà sọ ohun tí ó jọ ọ́ fún mi ní ibi iṣẹ́: ó ní láti ọdún 1215 ni ìgbìmọ̀ ìjọ tí ó jókòó ní Látéránì ní Róòmù ti sọ ọ́ di dandan kí Kristẹni tí ó ti tó mọ rere yàtọ̀ sí búburú jẹ́wọ́ fún àlùfáà lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán lọ́dún, ṣùgbọ́n pé ẹni tí ó jí nǹkan, tí ó lè dá a padà, tí kò sì fẹ́ dá a padà, kò tíì jẹ́wọ́. N kò sun oorun dáadáa ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ní ọdún 2018 ni mo tọ àlùfáà àgbà kan lọ, ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ìwé Àdúrà wa fi àyè sílẹ̀ fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa Áńgílíkà kì í sábà lò ó: ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá fara balẹ̀ kí oúnjẹ Olúwa tó dé, kí ó tọ òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan lọ kí ó sì tú ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ sílẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Bàbá náà kò wí nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, “Ṣé ó ṣì wà láyé?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. “Ṣé ẹ mọ ilé rẹ̀?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ṣí ìwé Númérì orí karùn-ún, ó kà á fún mi pé kí ẹni tí ó ṣẹ̀ jẹ́wọ́, kí ó dá ohun náà padà lójú owó rẹ̀, kí ó fi ìdámárùn-ún rẹ̀ lé e, kí ó sì fi í fún ẹni tí òun jẹ̀bi rẹ̀. Ó gbàdúrà fún mi, ó kéde ìdáríjì, ó sì sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.

Mo ṣírò rẹ̀ nínú ọkọ̀ bí mo ṣe ń padà lọ sílé. ₦240, ìdámárùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦48, àpapọ̀ ₦288. Owó náà kò tó ra odidi búrẹ́dì kan mọ́. Àwọn obìnrin alájọ pàápàá, ìyá mi ti san tiwọn láti inú ọjà rẹ̀, kí ó tó kú ní ọdún 2011. Èló ni ìdámárùn-ún orúkọ ènìyàn? Èló ni ìdámárùn-ún kíláàsì kẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà?

Títí di Lẹ́ǹtì ọdún 2019 ni mo fi ń lọ́ ọ. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kejì nínú rẹ̀ ni mo lọ sí Ìkirè. Àǹtí ń ṣe dòdò Ìkirè tà. Mo bá a ní ẹ̀yìnkùlé níbi tí ó ti jókòó sórí àpótí, tí agbada epo pupa wà lórí iná ẹ̀yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí agbọ̀n ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n àpọ́njù, tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, sì wà níwájú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó rò pé mo wá ra dòdò ni. Mo ní, “Àǹtí, ẹjọ́ kan ni mo wá rò. Owó àjọ Màmá ọjọ́sí, èmi ni mo mú un.”

Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ó bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó gé e, ó mú òmíràn. Epo ń ta. Nígbà tí ó ṣe, ó béèrè pé, “Màmá ńkọ́? Ṣé wọ́n mọ̀ kí wọ́n tó kú?”

Mo ní wọn kò mọ̀.

Ó dijú, ó sì là á. Ó ní, “Ọdún mọ́kànlá ni mi ò fi wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á ní kí n wá, màá ní Bíbélì yẹn ló purọ́ mọ́ mi.”

Mo ti wá sí Ìkirè pẹ̀lú èrò pé mo mọ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Olè jíjà ni mo pe ẹ̀ṣẹ̀ náà, mo tún pè é ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. N kò mọ̀ pé mo ti sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run di ẹlẹ́rìí èké lójú ẹlòmíràn, pé iyèméjì tí mo ń gbé kiri bí ohun ọ̀ṣọ́ ẹni tí ó ń ronú jinlẹ̀, Àǹtí ti gbé e láìní ẹ̀ṣẹ̀ kankan tí yóò jẹ́wọ́ kí ó tó lè sọ ọ́ kalẹ̀. Mo bi í bí ó ṣe padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní nígbà tí òun fẹ́ bí ọmọ òun kejì ni, tí ọ̀rọ̀ di wàhálà, òun pe Ọlọ́run, nítorí pé Ọlọ́run nìkan ni ẹni mìíràn tí ó mọ̀ pé kì í ṣe òun ni ó mú owó náà. “Àwa méjì péré la mọ̀,” ni ó wí, “èmi àti Ọlọ́run. Mi ò mọ̀ pé ìwọ náà mọ̀.”

Mo bẹ̀bẹ̀. Mo sọ ohun tí ènìyàn máa ń sọ. Kò sọ pé òun ti dárí jì mí, kò sì sọ pé òun kò ní dárí jì mí. Ó ní, “Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n níwájú wọn ni wọ́n ti pè mí lólè. Níwájú wọn ni kó o ti sọ ọ́.”

Mo padà sílé pẹ̀lú ìbínú, mo sì ń kọ èyí nítorí pé ó jẹ́ òtítọ́. Ṣé ti ìkúnlẹ̀ mi kò tó ni? Mo jẹ́ ìyá ọmọ, mo jẹ́ ìgbákejì olórí akọrin. Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo ka orí tí ó gbẹ̀yìn ìwé Jòhánù, mo sì rí ohun tí n kò rí rí. Níbi iná ẹ̀yín ni Pétérù ti ń yáná ní àgbàlá olórí àlùfáà nígbà tí ó sẹ́ Jésù ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Níbi iná ẹ̀yín mìíràn, tí ẹja wà lórí rẹ̀ ní etí òkun, ni Jésù ti bi í ní ẹ̀ẹ̀mẹta bí ó bá fẹ́ràn òun. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn mìíràn sì wà níbẹ̀. Jésù ì bá pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó tó béèrè, ṣùgbọ́n gbangba ni Pétérù ti bà á jẹ́. Inú Pétérù bàjẹ́ nígbà kẹta, ìwé náà sọ bẹ́ẹ̀. Tèmi náà bàjẹ́. Mo pe Àǹtí ní òwúrọ̀, mo ní mo gbà.

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde ni ẹbí wa máa ń péjọ ní Òkè-Àdó, ó sì bọ́ sí ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹrin ní ọdún yẹn. Nínú àwọn tí wọ́n yí tábìlì ká ní ọdún 1989, àbúrò bàbá mi nìkan ni ó kù, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó sì ń fi ọ̀pá rìn. Àǹtí wọ aṣọ funfun wá. Lẹ́yìn oúnjẹ mo dìde, mo sọ ọ́ láìfi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó: iye owó náà, àpótí náà, bàtà náà, orúkọ tí wọ́n pè é àti ẹni tí ó ni orúkọ náà gan-an. Àwọn ọmọ mi jókòó níbẹ̀. N kò ní gbàgbé ojú àkọ́bí mi.

Ilé pa lọ́lọ́. Bàbá náà ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó na ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó ń wò ó. Ó ní, “Mo rí i pé ó yí. Ọjọ́ tí mo rí i, mo ní, ṣé ìka mi kọ́ ló yí i báyìí? Mi ò lè sọ ọ́, ẹnu ti lọ.” Ọgbọ̀n ọdún ni òun náà ti fi gbé tirẹ̀. Ó gbìyànjú láti dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí ó lè jẹ́ ọmọ rẹ̀, Àǹtí sì sáré dìde, ó di apá rẹ̀ méjèèjì mú kí orúnkún rẹ̀ má baà kan ilẹ̀. “Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.” Àwọn méjèèjì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kò wò mí.

Àwọn ènìyàn ń bi mí bóyá iyèméjì mi ti lọ. Kò lọ tán. Mo ṣì fẹ́ mọ ìdí tí Ọlọ́run fi dákẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, mo sì ń bi í tààràtà báyìí, èyí tí n kò lè ṣe tẹ́lẹ̀. Láti ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń rí i bí ẹni tí ó mọ olè tí kò sì sọ̀rọ̀. Èmi ni mo bá àpèjúwe náà mu. Nígbà tí ọkùnrin inú ìwé Máàkù ké pé, “Olúwa, mo gbàgbọ́, ran àìgbàgbọ́ mi lọ́wọ́,” Jésù kò ní kí ó lọ mú àìgbàgbọ́ náà kúrò ná kí òun tó wo ọmọ rẹ̀ sàn. Mo ń gba oúnjẹ Olúwa pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn lẹ́nu.

Ní ti Àǹtí, kò tíì sọ gbólóhùn náà fún mi. N kò sì bi í mọ́. Mo máa ń lọ sí Ìkirè ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí mo bá ráyè, ní ìbẹ̀rẹ̀ ó máa ń fún mi ní àga ní ìta bí àlejò. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, mo dé, àga kò sí ní ìta. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó wà lórí àpótí rẹ̀, agbọ̀n ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì wà níwájú rẹ̀, àpótí kejì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀bẹ wà lórí rẹ̀. Ó ní, “O pẹ́ lónìí.” Mo jókòó, mo mú ọ̀bẹ.